Búlúù Kì Í Parọ́

Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọ kékeré, kí ẹ gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á lé e bá. Irọ́ tèmi ti lé ní ogún ọdún, ọjọ́ rẹ̀ sì ti pé. Mo pa nǹkan mọ́ sínú, nǹkan náà pọ̀, mo sì ti dàgbà débi tí n ò lè gbé e lọ sí sàréè. Ẹ má wo ẹnu mi báyẹn. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í káàánú mi kí n tó sọ ọ́ tán, ẹ máa kábàámọ̀ rẹ̀.

Àǹtí Fọwọ́ ni wọ́n ń pè mí. Àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi tí mo kọ́ ló fún mi lórúkọ yẹn, ó sì lẹ̀ mọ́ mi débi pé bí mo bá ń kọjá lọ ládùúgbò báyìí tí mo ti fẹ̀yìn tì, àwọn géńdé onírùngbọ̀n á na ọwọ́ méjèèjì sí mi láti òdìkejì títì pé, "Àǹtí, mo ti fọ̀ ọ́ o." Àwa á rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni mo mọ ohun tí mo ń fi ẹ̀rín yẹn bò.

Iṣẹ́ mi, mo mọ̀ ọ́n. N ò ní torí pé mo ń jẹ́wọ́ kí n wá sọ pé n ò mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́rin máa ń fi omi ra àtẹ́lẹwọ́ lásán ni, á sì gbọn ọwọ́ dànù, á ní òun ti fọwọ́. Nítorí náà mo ṣe orin kan fún wọn:

Ọwọ́ mi, ọwọ́ mi, wá wẹ̀ o,
Àtẹ́lẹwọ́, ẹ̀yìn ọwọ́,
Àárín ìka, abẹ́ èékánná,
Àtàǹpàkò, má sá lọ,
Ìdọ̀tí, ó dàbọ̀, bómi lọ.

Ọmọ ò gbọdọ̀ ti ẹ̀rọ omi kí orin tó parí. Mo tún ní búlúù. Màá lọ ṣọ́ọ̀kì búlúù kúnná, màá pò ó mọ́ ìpara, màá fi ra wọ́n lọ́wọ́ kí wọ́n tó fọ̀ ọ́. Ẹni tó bá fi omi ṣeré, búlúù á kù sí àárín ìka rẹ̀. Nígbà mìíràn, màá yọ́ fi í ra ọwọ́ ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí n lè mọ ẹni tó jáde tí kò fọwọ́. Ọmọ á ní, "Àǹtí, mo fọ̀ ọ́, mo fọ̀ ọ́." Èmi á gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè kí gbogbo kíláàsì rí i, màá ní, "Búlúù kì í parọ́." Wọn á sì gbà á lẹ́nu mi, gbogbo wọn, bí ẹni ń ka ìwé.

Ibẹ̀ ló yẹ kí n dúró sí. Ṣùgbọ́n ọmọ kékeré lè gbàgbé orin, kì í gbàgbé ẹ̀rù, èmi sì rí i pé ẹ̀kọ́ tí mo fi ẹ̀rù kọ́ wọn ń tètè wọlé ju èyí tí mo fi sùúrù kọ́ wọn lọ. Ni mo bá dá Bàbá Abẹ́-Èékánná sílẹ̀. Mo ní ó kéré débi tí ojú ò lè rí i. Mo ní abẹ́ èékánná ọmọ tí kò fọwọ́ ló ń sùn sí, tí ọmọ náà bá ti jẹun, á gba ọ̀fun wọlé, á máa jẹ ìfun rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀. Bí mo bá ń sọ ọ́, màá rẹ ohùn sílẹ̀, màá máa fi èékánná ha ojú tábìlì. Kíláàsì á pa lọ́lọ́. Ọ̀gá wa gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan, ó ní, "Àǹtí, ṣé kò ti le jù?" Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ sáà wo ọwọ́ wọn." Ó wò ó, ó mọ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọmọbìnrin bọ̀dá mi wà nínú kíláàsì yẹn. Aláròyé la ń pè é nílé, torí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Bí ẹ bá ní kó jókòó, á bi yín ìdí tí àga fi ní ẹsẹ̀ tí kì í rìn. Ó fẹ́ràn mi. Ó máa ń sọ fún àwọn ọmọ yòókù pé, "Àǹtí yín ni, ṣùgbọ́n àǹtí tèmi gan-an ni." Ẹ rántí ọmọ yìí. Gbogbo ohun tí mo ń sọ, torí tirẹ̀ ni.

Ní ọdún kan, àwọn wolé-wolé gbọ́ nípa bí a ṣe ń fọwọ́ nílé-ìwé wa, wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá wò ó kí àwọn ilé-ìwé mìíràn lè kọ́ ọ. Orí mi wú. Àfi bí inú mi ṣe dàrú láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀. Ìgbẹ́ gbuuru ni, kí ẹ má rò ó sí nǹkan mìíràn. Òfin wa sì wà lára ògiri pé òṣìṣẹ́ tó bá ń yàgbẹ́ gbuuru ò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ. Èmi gan-an ni mo kọ ọ́, tí mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀. Ọ̀gá rí i pé ojú mi ti jìn, ó ní, "Ṣé ara yín yá?" Mo ní, "Ara mi le koko." Ta ló máa gbé àlejò tirẹ̀ fún ẹlòmíràn?

Mo wà nílé ìgbọ̀nsẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ ohùn ọ̀gá lóde pé, "Àǹtí, àwọn àlejò ti dé o." Mo múra wìtìwìtì, mo jáde. Ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo la ní, ìta gbangba ló sì wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Mo ti ṣe é lẹ́ṣọ̀ọ́ sílẹ̀ láti ìdájí: ọṣẹ tuntun, táwẹ̀lì funfun tí mo lọ̀. Àwọn ọmọ ti tò síbẹ̀. Àwọn wolé-wolé dúró lápá kejì, wọ́n ń wò. Bí mo bá dúró fọwọ́ níbẹ̀, gbogbo wọn á mọ ibi tí mo ti ń bọ̀, ọ̀gá á sì rántí iye ìgbà tí òun ti rí mi lọ́nà ibẹ̀ láàárọ̀ yẹn. Wọn á ní kí n máa lọ sílé. Ẹ̀rù bà mí. Mo nu ọwọ́ mi mọ́ ara yẹ̀rì, mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo lọ kí àlejò. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: Àǹtí Fọwọ́ ò fọwọ́, torí ó ń lọ kọ́ àwọn ènìyàn bí a ṣe ń fọwọ́.

Ẹnì kan rí mi. Aláròyé ló wà níwájú lórí ìlà. Ó gbójú sókè, ó ní, "Àǹtí, ẹ ò kọrin." Mo ní, "Dákẹ́, ọ̀rẹ́ mi, wo iwájú." Ó sì wo iwájú.

Àwọn ọmọ fọwọ́ lọ́jọ́ náà bí ẹni pé áńgẹ́lì ló ń wò wọ́n. Kò sí búlúù lọ́wọ́ ẹyọ ẹnì kan. Lẹ́yìn náà ni ọsàn yẹ kó kàn, kí wọ́n fi ọwọ́ mímọ́ jẹ ẹ́ lójú àlejò. Obìnrin tó ń se oúnjẹ fún àwọn ọmọ, Ìyá Ìdáná, ti bó ọsàn náà sínú abọ́, ó sì ti fi ìdérí bò ó. Ó fẹ́ pín in fúnra rẹ̀. Mo ní kó gbé e wá. Mo fẹ́ kí ojú wà lára mi. Mo fi ìka mi ya á ní awẹ́ awẹ́, mo ń fi í lé àtẹ́lẹwọ́ tó mọ́ tónítóní, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọsàn ò kárí. Ọmọ téélọ̀, ọmọkùnrin kan báyìí tí eyín iwájú rẹ̀ ti ká, ló ṣẹ́kù, ó ti ń ṣe ẹnu ẹkún. Aláròyé fún un ní awẹ́ tirẹ̀. Wolé-wolé kan rí i, ó ní, "Ẹ wo ọmọ gidi." Èmi náà yìn ín.

Kò pẹ́ tí àwọn ọmọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í dùbúlẹ̀. Èébì, ìgbẹ́ gbuuru, ibà. Ara wọn yá, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn. Ọmọ téélọ̀ ni kò dìde mọ́. Bàbá rẹ̀ ló gbé aṣọ ilé-ìwé ọmọ náà wá bá ọ̀gá, èyí tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán, ó ní kí wọ́n wá ọmọ tí kò ní fún. Bí mo ṣe gbọ́ ohùn rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sá wọ yàrá tí a ń kó àga sí, mo ti ilẹ̀kùn. Mo dúró síbẹ̀ títí ìró bàtà rẹ̀ fi jáde.

Àwọn wolé-wolé padà wá, ẹ̀rín ò sì sí lójú wọn mọ́. Ta ló fọwọ́ kan oúnjẹ? Ìyá Ìdáná àti èmi. Ìyá Ìdáná ní, "Èmi ni mo bó ọsàn. Mo fọwọ́ mi kí n tó bó o." Ojú gbogbo wọn wá yí sọ́dọ̀ mi. Mo lè sọ ọ́ níbẹ̀. Ẹnu mi ti là. Ohun tó jáde ni pé, "Ẹ jẹ́ ká fi búlúù wádìí." Mo ṣàlàyé fún wọn: màá fi í ra ọwọ́ ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́, Ìyá Ìdáná ò ní mọ̀. Bó bá jáde tó fọwọ́ dáadáa, ọwọ́ rẹ̀ á mọ́. Bí kò bá fọ̀ ọ́, gbogbo wa á rí i. Wọ́n ní ó bọ́gbọ́n mu.

Mo ra á sí ọwọ́ ilẹ̀kùn lóòótọ́. Lẹ́yìn náà ni mo yà sí ìdáná. Táwẹ̀lì Ìyá Ìdáná wà lórí ìṣó lẹ́bàá ilẹ̀kùn, aláwọ̀ aró ni, ó ti gbó. Mo ra búlúù sí inú ìṣẹ́po rẹ̀, mo sì dá a padà bí mo ṣe bá a. Ọwọ́ mi ò gbọ̀n. Mo ti ronú lé èyí lórí ju gbogbo ìyókù lọ, pé ọwọ́ mi ò gbọ̀n rárá.

Ìyá Ìdáná lọ, ó jáde, ó dúró lẹ́nu ẹ̀rọ. Mo ń gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé. Orin mi ló ń kọ, ó sì kọ ọ́ parí. Ó wọ ìdáná, ó nu ọwọ́, wọ́n sì pè é. Wọ́n ní kó na ọwọ́. Ó nà án tẹ̀ríntẹ̀rín, bí àwọn ọmọ ṣe máa ń nà án. Búlúù wà níbẹ̀ kedere. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ títí, ó ní, "Mo fọ̀ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, mo fọ̀ ọ́. Àǹtí, ẹ bá mi sọ fún wọn, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi." Mo wo ilẹ̀. Mo ní, "Ìyá, búlúù kì í parọ́." Ó bọ́ aṣọ ìdáná sílẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ kí bàbá ọmọ téélọ̀ má bàa rí i.

Ẹ rò pé ibẹ̀ ló burú dé? Ẹ ní sùúrù.

Ní ọjọ́ kejì, mo wà nílé bọ̀dá mi, Aláròyé wọlé wá bá mi ní yàrá. Ó ní, "Àǹtí, kì í ṣe Ìyá Ìdáná. Ẹ̀yin lẹ ò kọrin. Mo fẹ́ sọ fún dádì kí wọ́n lè ní kó padà wá." Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, láì bínú, bí ẹni fẹ́ ràn mí lọ́wọ́. Mo dìde, mo ti ilẹ̀kùn. Mo kúnlẹ̀ kí ojú èmi àti tirẹ̀ lè ṣe déédéé, mo di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. Mo rẹ ohùn sílẹ̀. Ẹ ti mọ ohùn náà.

Mo ní, "Ta ló fún ọmọ téélọ̀ ní ọsàn?"

Ó ní, "Èmi ni."

"Ọwọ́ wo lo fi fún un?"

Ó na ọwọ́ ọ̀tún.

Mo ní, "Bàbá Abẹ́-Èékánná wà níbẹ̀. Abẹ́ èékánná rẹ ló ti jáde lọ bá a. Ọwọ́ rẹ ló pa á. Bàbá náà ti ń sùn báyìí. Ṣùgbọ́n bí o bá sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ẹnikẹ́ni, á jí, ọmọ kékeré tí o bá sì fọwọ́ kàn lẹ́yìn náà á kú bí ọmọ téélọ̀ ṣe kú." Mo wá fi èékánná mi ha àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí mo ṣe máa ń ha ojú tábìlì.

Kò sunkún. Ó tọ̀ sára níbi tó dúró sí, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Mo nu ilẹ̀, mo pààrọ̀ aṣọ fún un. Mo mú bisikíìtì jáde láti fi tù ú nínú, kò nawọ́ gbà á. Ó la ẹnu kí n fi sí i. Ọmọ ọdún márùn-ún. Ẹ̀yin ọmọ mi, ohun tí mo ṣe nìyẹn.

Aláròyé dákẹ́. Ẹnu tí kì í sinmi dákẹ́ lójú àwọn ará ilé, wọ́n ní ó ti ń gbọ́n. Ó máa ń wà lẹ́nu ẹ̀rọ títí wọ́n á fi pè é, ọwọ́ rẹ̀ á bó, á máa ṣẹ̀jẹ̀ ní oríkèé. Ìyàwó bọ̀dá mi a máa fi yangàn pé, "Àǹtí, ẹ̀kọ́ yín wọ ọmọ yìí lára." Nígbà tó yá tí kò fi yangàn mọ́, tó ń gbé e ti dókítà kan bọ́ sí òmíràn, èmi ni mo ń bá a ra ìpara. Bí Aláròyé bá sì la ẹnu láti sọ ohunkóhun, kódà bó jẹ́ iyọ̀ ló fẹ́ bèèrè, àyà mi á já. Mo ń ṣọ́ ẹnu ọmọ náà títí ó fi di ọ̀dọ́bìnrin. Mo máa ń gbàdúrà kó sàn, mo sì máa ń gbàdúrà kó má sọ̀rọ̀, lórí eékún kan náà.

Ó lọ́kọ. Awakọ̀ ni, èèyàn jẹ́jẹ́, ó gbà á pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ tí Aláròyé kì í bọ́ lọ́wọ́. Lọ́dún yìí ni Aláròyé bímọ. Mo lọ kí i. Ìyá rẹ̀ ló gbé ọmọ sí i láyà tó fi ń mu ọmú, òun gbé ọwọ́ tirẹ̀ méjèèjì sókè bí ẹni tí ọlọ́pàá dá dúró. Ọmọ ń yọ̀ lọ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, kò gbá a mú. Ó pariwo, "Mọ́mì, ẹ gbà á, ẹ gbà á." Omijé ń ṣàn lójú rẹ̀, kò sì fọwọ́ nù ún. Mo jókòó lórí àga níbẹ̀, mo jẹ ìpápánu tí wọ́n gbé fún mi.

Ìyá ọkọ rẹ̀ wá ní òun ń bọ̀ wá gbé ọmọ lọ. Kì í ṣe èèyàn burúkú o, kò sọ ọ́ tìjàtìjà. Ó ní, "Ìyá tí kò lè gbá ọmọ rẹ̀ mú, ṣé ká jẹ́ kí ọmọ já bọ́ ni?" Wọ́n dá ọjọ́. Mo mọ̀ pé bí ọmọ yẹn bá lọ, kò ní padà wá mọ́, Aláròyé á sì gbà títí ayé pé ọwọ́ òun burú débi tí wọ́n fi ní láti gbé ọmọ sá fún un.

Mo kọ́kọ́ wá Ìyá Ìdáná lọ. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, bóyá ìgboyà á fi dé. Ó ti kú. Ọmọbìnrin rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn, kò mọ̀ mí, ó fún mi ní àga. Ó ní ìyá òun ò rí iṣẹ́ ìdáná ṣe mọ́, àwọn ènìyàn ò jẹ ohun tó bá sè. Ó ní títí ó fi kú, bó bá fẹ́ fún ènìyàn ní omi lásán, á kọ́kọ́ na àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì síwájú, á ní, "Ẹ wò ó." Ẹni náà gbọ́dọ̀ wò ó kó tó bu omi. Mo sọ ohun tí mo ṣe fún un. Ó ní kí n dìde lórí àga ìyá òun.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ gbé ọmọ, mo bá gbogbo wọn ní pálọ̀: bọ̀dá mi, ìyàwó rẹ̀, awakọ̀ náà, ìyá rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lápá, báàgì ọmọ sì ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Aláròyé dúró lára ògiri, ọwọ́ rẹ̀ nínú ìbọ̀wọ́. Mo ní kí wọ́n dákun jókòó. Mo sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí, láti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ dé yàrá tí mo tì. Ẹ̀rù bà mí débi tí n ò gbọ́ ohùn ara mi mọ́. Bọ̀dá mi bo ojú. Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ìpara. Ìwọ lò ń bá mi ra ìpara." Kò pè mí ní àǹtí mọ́. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí ẹ̀rù tí ẹ fi ń kọ́ ọmọ lè dà, ẹ bá mi wo ojú ìyá yẹn. Ẹ kọ́ wọn ní orin, ẹ fún wọn ní ọṣẹ, kí ẹ sì fọ tiyín lójú wọn. Ẹ má fi nǹkan kan dẹ́rù bà wọ́n láéláé, torí ẹ̀yin ẹ ó gbàgbé rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn ò ní gbàgbé.

Aláròyé nìkan ni kò pariwo. Ó ní, "Ta ló ya ọsàn yẹn?"

Mo ní, "Èmi ni."

"Ẹ fọwọ́?"

"N ò fọwọ́."

"Kì í ṣe ọwọ́ mi."

"Kì í ṣe ọwọ́ rẹ, ọmọ mi. Kò fìgbà kan jẹ́ ọwọ́ rẹ."

Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ náà, ó jù ú sílẹ̀, ó wọ ilé ìdáná. A gbọ́ omi. A gbọ́ orin náà. Gbogbo wa ń retí kó tún un bẹ̀rẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe. Orin parí, ó ti ẹ̀rọ pa. Ó jáde wá, ó dúró síwájú ìyá ọkọ rẹ̀, ó sì na ọwọ́ tó ti bó yẹn. Ìyá náà wo ojú rẹ̀, ó gbé ọmọ fún un. Ọmọ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, orí rẹ̀ fẹ́ yẹ̀, mo sì sáré na ọwọ́ tèmi láti bá a gbé orí ọmọ dúró.

Aláròyé fà sẹ́yìn. Ó ní, "Àǹtí, ẹ lọ fọwọ́ yín."

Mo lọ. Mo fọ̀ ọ́ bí mo ṣe ń kọ́ ọ, àárín ìka, abẹ́ èékánná, mo kọ orin náà sókè kí gbogbo wọn lè gbọ́. N ò fọwọ́ kan táwẹ̀lì. Mo padà sí pálọ̀, omi ń kán sílẹ̀, mo na àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì síwájú, mo ní, "Ẹ wò ó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí, ẹ wò ó." Ọmọ náà ni gbogbo wọn ń wò.